Ẹni Tó Ń Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Ọwọ́ ìkọ̀wé mi burú. Ní yàrá àwọn olùkọ́ ní ìlú wa, Podul Sec, wọ́n máa ń sọ pé bí Aglaia Hriscu bá kọ máàkì sílẹ̀, ilé apòògùn ni kí ọmọ gbé e lọ kí wọ́n bá a kà á. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní ilé-ìwé yẹn, èmi nìkan sì ni obìnrin tó ṣe é níbẹ̀ rí. Mo ti gbọ́ èyí tó burú ju ọ̀rọ̀ ọwọ́ ìkọ̀wé lọ.

Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ìwé tó mọ́. Ní láàbù mi, ọmọ mẹ́ta ló ń jókòó sídìí tábìlì kan. Ọmọkùnrin kan á so okùn, á gbé irin kọ́ ọ kó máa fì. Ìkejì á di aago mú, á máa ka iye ìgbà tó fì. Ọmọbìnrin á kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo bá ní kí ọmọkùnrin kan kọ̀wé, á ní, "Ọwọ́ mi burú, ma," èmi náà á ní kó dìde, kó lọ di aago mú. Bí ọmọbìnrin bá sọ bẹ́ẹ̀, mo máa ń ní kó lọ kọ́ ọ kó dáa. Nígbà tí àwọn alábẹ̀wò bá dé láti ìlú ńlá, wọn kì í wo irin, wọn kì í wo okùn, ìwé ni wọ́n ń ṣí. Wọ́n á rí i pé ó mọ́ tónítóní, wọ́n á sì rí i pé nọ́ńbà agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan jáde sí 9.81 lórí gbogbo tábìlì, bó ṣe wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ gan-an. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fún wa ní ìwé ìyìn. Kò sí ọjọ́ kan tí mo bi ara mi léèrè bí okùn tó ti gbó àti aago tójú rẹ̀ ti là ṣe ń mú 9.81 wá lọ́dọọdún.

Smaranda Tofan ni akọ̀wé tábìlì Codrin Apetrei fún ọdún mẹ́ta. Ọmọ tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìwé rẹ̀ sì dùn ún wò. Ìyá rẹ̀ wà ní Bologna lókè òkun, ó ń wẹ arúgbó, ó ń fún wọn lóúnjẹ, bíi ti ìdajì àwọn ìyá Podul Sec. Ìyá àgbà ló ń tọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ ti ránṣẹ́ pé gbàrà tó bá ti jáde ìwé kó máa bọ̀, wọ́n ti bá a rí arúgbó kan. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí ọmọ náà lè gbà bọ́: kó lọ sí ìdíje físíìsì ti ìpínlẹ̀, kó ti ibẹ̀ dé ti orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá gba àmì ẹ̀yẹ níbẹ̀, yunifásítì ní Iași á gbà á wọlé láìṣe ìdánwò, á rí ibùsùn, á rí oúnjẹ. Lọ́dún yẹn, ààyè ẹnì kan péré ni wọ́n fún kíláàsì kọkànlá wa.

Mo ṣe ìdánwò orí ìwé fún wọn nínú oṣù Èrèlé. Smaranda gba mẹ́rìndínláàádọ́ta nínú àádọ́ta. Codrin gba mọ́kànlélógójì. Ọ̀gá ilé-ìwé wa, Grosu, pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ kí n tó lẹ orúkọ mọ́ ara ògiri.

"Màdáámù Hriscu," ó ní, "ẹ ò ní rán ọmọbìnrin Tofan yẹn lọ, àbí?"

"Òun ló gba máàkì tó pọ̀ jù."

"Máàkì orí ìwé. Ìdíje ìpínlẹ̀ ní apá ọwọ́, tí wọ́n máa fi irinṣẹ́ ṣe. Ọmọ yẹn, tí wọ́n bá gbé wáyà fún un, á máa wò ó bíi pé ejò ni. Ọdún tó ń bọ̀ ó ti wà ní Bologna, ó ń pààrọ̀ ìlédìí arúgbó. Kí ló dé tá a máa fi ààyè wa ṣòfò lé e lórí?"

Mo lè bá a jà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń bá Grosu àti irú rẹ̀ jà, wọ́n sì mọ̀ pé eyín mi mú. Ṣùgbọ́n mo rò ó, mo sì rí i pé òótọ́ ló sọ nípa apá ọwọ́, nítorí náà mo ní, "Ọ̀gá, ọmọ yẹn ò tíì di irinṣẹ́ mú rí. Ẹ jẹ́ kí Codrin lọ." Èmi ni mo sọ ọ́. Èmi náà ni mo kọ orúkọ Codrin, tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí Smaranda fi wọ láàbù mi. Kò kan ilẹ̀kùn. Yìnyín ṣì wà lára bàtà rẹ̀.

"Ma, mo gba mẹ́rìndínláàádọ́ta."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo máàkì í."

"Codrin gba mọ́kànlélógójì."

"Ìyẹn náà, èmi ni mo máàkì í. Ìdíje yẹn ní apá ọwọ́, Smaranda. O ò tíì di aago mú rí láyé ẹ."

"Ta ni ò jẹ́ kí n dì í mú?"

Inú bí mi. N kì í fẹ́ kí ọmọdé bi mí ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́rùn mi. Mo ní, "Gbọ́ mi dáadáa. Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ, ọmọbìnrin méjì péré ló wà ní kíláàsì wa. Kò sẹ́ni tó gbé irinṣẹ́ fún mi. Mo gbà á ni. Ẹni tó bá fẹ́ nǹkan á gbà á, kò ní wá dúró síwájú tísà kó máa ké."

"Mi ò ké," ó ní. Òótọ́ ni, kò ké. "Ọwọ́ ta lẹ ti gbà á, ma?"

Mo ní kó jáde. Kò jáde. Ó lọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa ìwé láàbù tábìlì wọn yọ, ó ṣí i síwájú mi.

"9.81. 9.81. 9.81. Ẹ rí i? Codrin ò mú nọ́ńbà yìí wá lọ́jọ́ kan. Méjìlá ni tiẹ̀. Méjìlá àti díẹ̀, lọ́jọ́ gbogbo. Èmi ni mo ń jókòó síbẹ̀ tí mò ń tún un ṣe títí á fi di 9.81."

"O ń kọ irọ́ sínú ìwé mi?"

"Ìwé yín ni, ma. Mo sọ fún yín ní kíláàsì kẹsàn-án. Mo gbé e wá bá yín níbi tí ẹ jókòó sí yìí, mo ní, 'Ma, nọ́ńbà Codrin ò bára mu, mo sì mọ ohun tó fà á.' Ẹ ò gbójú sókè. Ẹ ní, 'Ìwọ ṣáà kọ ọ́ kó mọ́.'"

Mi ò rántí. Mo wá a nínú orí mi, mi ò rí i. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹnu mi, ọ̀rọ̀ ẹnu mi sì nìyẹn, bí ẹni pé mo gbọ́ ọ láti yàrá kejì. Ó dùn mí wọ egungun. Nítorí pé ó dùn mí, mo tún burú sí i.

"Ó dáa," mo ní. "O fẹ́ apá ọwọ́, wàá rí apá ọwọ́. Ìwọ àti Codrin, níwájú gbogbo èèyàn."

"Ẹ má fún wa ní 9.81 o. Ẹni gbogbo ló mọ̀ ọ́n. Ẹ fún wa ní ohun tí kò sí nínú ìwé kankan."

Mo rí ohun tí kò sí nínú ìwé kankan. Àárín àtẹ̀gùn ilé-ìwé wa ṣófo, láti òkè kẹta dé ìsàlẹ̀. Mo ní kí Bàbá Neculai, tó ń ṣọ́ ilé-ìwé, so okùn ìpẹja mọ́ irin òkè kẹta, kó fi òkúta ìwọ̀n kílò méjì ti ilé ìdáná sí ẹsẹ̀ okùn náà, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Bí okùn bá ṣe gùn tó ni fífì rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó. Ọmọ á jẹ́ kó fì, á fi aago ka iye ìgbà tó fì, á sì ti inú ìyẹn sọ gígùn okùn fún mi. Lẹ́yìn náà ni a ó wá wọ̀n ọ́n, tí kò fi ní sí àríyànjiyàn. Ó sì ní òfin kan: ẹni kọ̀ọ̀kan á fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀, á sì kọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo fẹ́ kí ojú ti ọmọ náà. Grosu náà fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí nígbà tí mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká ṣe é ní àkókò ìsinmi ọjọ́ Jímọ̀ kí gbogbo ilé-ìwé lè rí i.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n kún orí àtẹ̀gùn láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ara wọn, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì. Àwọn olùkọ́ pàápàá jáde. Codrin ló kọ́kọ́ ṣe é. Ọmọ burúkú kọ́ ni Codrin, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn, ó kàn jẹ́ ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún rí pé ó ṣe é tì. Ó gba bébà lọ́wọ́ mi, ó wò yíká.

"Ma, ta ló máa bá mi kọ ọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó fa òkúta náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ó jọ̀wọ́ rẹ̀ láìmì, ọwọ́ rẹ̀ dáa, ó tẹ aago, ó sì pariwo, "Ọ̀kan!"

Òkúta ò tíì lọ síbì kankan. Ó gbọ́dọ̀ lọ, kó sì padà wá síbi tó ti kúrò, kó tó jẹ́ ọ̀kan. Codrin ti ka ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Nígbà tó pe mẹ́wàá tó tẹ aago pa, mẹ́sàn-án péré ni òkúta náà fì. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà fún ọdún mẹ́ta, mo jókòó ní mítà mẹ́rin sí tábìlì yẹn, mò ń fi bíìrò pupa fa ìlà sábẹ́ ìwé tó mọ́.

Codrin ṣe ìṣirò, ó sì fún mi ní bébà: mítà mẹ́sàn-án àti sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Smaranda sọ̀kalẹ̀. Ó di aago mú bí ẹni pé ó lè bu òun jẹ. Ó fa òkúta náà jù, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ni òkúta bá lọ gbá irin àtẹ̀gùn, ariwo rẹ̀ sì dé òkè kẹta.

"Smaranda, lọ mú bíìrò ẹ!" ọmọ kan kígbe láti òkè.

"Bologna ń pè ẹ́ o! Arúgbó ń tọ̀ sára!"

Mo gbójú sókè, mo rí olùkọ́ ìtàn tó ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín. Grosu ti ń wo aago rẹ̀. "Ó tó, Màdáámù Hriscu," ó ní. "A ti rí i."

Bóyá tí kò bá sọ pé ó tó, mi ò bá tí ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo kórìíra ohùn yẹn. Ohùn yẹn ni mo bá níbẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ ilé-ìwé náà. Mo ní, "Èmi ni tísà físíìsì níbí, Ọ̀gá. Kò tíì tó. Ẹnikẹ́ni nínú wọn tó bá fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì lè ṣe é. Codrin, ṣé wàá tún ṣe?"

"Rárá, ma. Tèmi ti dáa."

"Smaranda?"

Ó ti ń dúró kí okùn náà dákẹ́. Kò wò mí. Ó fà á sẹ́yìn díẹ̀, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó tẹ aago, ó sì pe, "Òdo."

Ẹ̀rín bú. "Ó ní òdo! Òdo ni máàkì ẹ!" Gbogbo òkè kejì gbà á bí orin, òdo, òdo, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lu àtẹ̀gùn. Ètè ọmọ náà ń mì, ó ń kà á sínú, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ojú rẹ̀ ò kúrò lára òkúta. Mo ń kà á pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó pé ẹ̀wá ní tòótọ́, ó tẹ aago pa. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn, ó gbé bébà lé orúnkún, ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwọn mìíràn ti ń lọ. Ó kọ mítà mọ́kànlá àti sẹ̀ǹtímítà méjìlélógún.

Bàbá Neculai tú okùn náà, ó nà án sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi tépù wọ̀n ọ́n. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, nítorí Grosu ní kó tún un wọ̀n. Mítà mọ́kànlá àti ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ni.

"Sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ ló fi ṣì í," Bàbá Neculai sọ. "Ọmọkùnrin yìí fi mítà méjì àti díẹ̀ ṣì í. Kápẹ́ńtà tó bá ṣe irú ìyẹn, ẹ̀yìn ilé ni mo máa lé e gbà."

Kò sẹ́ni tó kọrin òdo mọ́. Codrin ń wo bébà rẹ̀, etí rẹ̀ pọ́n. Grosu ní, "Orí ló bá a ṣe é."

"Kì í ṣe orí," mo ní. "Codrin ka ìgbà tó jọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Mẹ́sàn-án ni òkúta fì, ó pè é ní mẹ́wàá."

"Ó ti tó ìgbà wo tó ti ń kà á bẹ́ẹ̀?"

"Ọdún mẹ́ta."

"Ọdún mẹ́ta," ó ní, kò sì rọra sọ ọ́. "Níbo lẹ wà, Màdáámù?"

N kì í sábà gbà pé Grosu jàre. Lọ́jọ́ yẹn ó jàre. Mo ní mo wà lórí àga mi, mò ń máàkì ìwé. Àwọn ọmọ gbọ́ ọ. Mo gun àtẹ̀gùn lọ, mo ya bébà orúkọ Codrin kúrò lára ògiri.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti kúrò nílé-ìwé, Smaranda wá sí láàbù láti gba fọ́ọ̀mù ìdíje. Ó ti wọ kóòtù rẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí, orí ń fọ́ mi, fọ́ọ̀mù náà sì kún fún àpótí kéékèèké tó yẹ kéèyàn fi orúkọ àti ọjọ́ ìbí kún. Mo tì í sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ lórí tábìlì.

"Jókòó, jọ̀ọ́, bá mi kọ èyí. Ọwọ́ rẹ ló mọ́."

Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó gbọ́ ọ. Smaranda wo fọ́ọ̀mù náà. Ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ àpò kóòtù.

"Rárá, ma."

Mo jókòó síbẹ̀ tí ojú ń tì mí, èmi tí gbogbo ilé-ìwé ń bẹ̀rù. Mo wá sọ ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

"O bi mí pé ọwọ́ ta ni mo ti gbà á. Mi ò gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tísà wa pín wa bí mo ṣe ń pín yín. Ó wo ohun tí mo kọ, ó ní ṣé adìẹ ló fẹsẹ̀ tú u ni, ó ní kí n dìde kúrò nídìí ìwé òun, kí n lọ gbé irin kọ́. Ọmọbìnrin kejì mọ̀wé kọ. Rodica lorúkọ rẹ̀. Títí a fi jáde, kò fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Níbo ló wà báyìí?"

"Ní ọ́fíìsì ìfìwéránṣẹ́. Òun ló ń lu òǹtẹ̀ sórí lẹ́tà yín láti Bologna."

Smaranda mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

"Ẹ mọ èyí," ó ní, "ẹ sì ń pín wa bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò fẹ́ mọ̀ ọ́n ni."

"Mi ò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ yín o, ma. Tí ẹ bá ń retí ẹ̀."

"Mi ò retí ẹ̀."

Irọ́ ni, mo retí ẹ̀. Mo fa fọ́ọ̀mù náà padà, mo kọ ọ́ fúnra mi. Ó dúró lórí mi títí mo fi parí: Tofan, Smaranda, kíláàsì kọkànlá, físíìsì. Lẹ́tà mi ń tàkìtì jáde nínú àpótí. Ó gbé e, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó burú," ó ní. "Ṣùgbọ́n wọ́n á rí i kà."

Ó ká a, ó fi í sápò. Kò lọ. Ó na ọwọ́ sí mi, àtẹ́lẹwọ́ sókè.

"Kọ́kọ́rọ́ láàbù, ma. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù, mi ò sì tíì so wáyà iná kan mọ́ òmíràn rí."

Ọmọ kan kì í di kọ́kọ́rọ́ yẹn mú. Òfin tèmi nìyẹn, láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo wá a lára ìdì kọ́kọ́rọ́ mi, òrùka rẹ̀ le, èékánná mi ń yọ̀, ó sì pẹ́ kó tó bọ́. Mo gbé e sókè, mo fẹ́ sọ pé kó ṣọ́ra pẹ̀lú kọ́bọ́ọ̀dù kejì, pé fíùsì rẹ̀ ò dáa. Kò dúró kí n sọ ọ́. Ó gbà á lọ́wọ́ mi.